Igi Tí Téèpù Bá Ká Tán

Ọ̀dá dán obìnrin kan wò, kò tẹ̀. Iná ẹ̀ẹ̀rùn jó ẹ̀gbẹ́ igbó títí dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ igi sí. Obìnrin náà dúró lórí eérú gbígbóná náà, ó wo ohun tó kù, ó sì ní kí wọ́n lọ wá irúgbìn mìíràn wá. Àwọn onígẹdú gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà igbó lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn aláṣẹ òkè ló rán àwọn. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí àárín ọ̀nà, ó jókòó, ó mú ẹ̀wù tó ń rán lọ́wọ́ jáde, ó sì ń ká etí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ebi fi lé àwọn àlejò náà padà sílé. Ìbátan ọkọ rẹ̀ kan bi í lójú gbogbo ayé pé kí ni obìnrin tí kò bí ọkùnrin fẹ́ fi igbó ṣe. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin ìbátan náà rí ibòji jókòó sí ní ọjọ́ tí wọn kò bá rí iṣẹ́ ṣe. Ejìká ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó kọ́ ọwọ́ òsì níṣẹ́. Ìjì ká òrùlé yàrá ibùsùn rẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá mìíràn, ó sì sùn. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó rí i kí ó tẹrí ba, àfi nígbà tó bá ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́.

Télọ̀ ni obìnrin yìí, òun sì ni alága ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú igbó abúlé wọn. Ìyá Téèpù ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bó ń gbálẹ̀, ó wà lọ́rùn. Bó ń bá ènìyàn jà, ó wà lọ́rùn. Àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n sì lè rò pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Yàrá tó ti ń ránṣọ kò fẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà ọmọge ti dán bí abọ́ tuntun. Dígí gígùn kan fara ti ògiri; igun rẹ̀ kan ti sán, gbogbo oníbàárà ló sì mọ̀ pé apá òsì ni kí àwọn dúró sí, kí ìsán náà má baà gé àwọn lórí. Àpò àkísà wà lábẹ́ tábìlì. Láti ojú fèrèsé yẹn ni ó ti ń rí ìbẹ̀rẹ̀ igbó, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti wọ abẹ́ òjìji lọ, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ pé ojú òun kan wà lára òwú, èkejì wà lára igi.

Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, orí ìwọ̀n ni wọ́n ti ja ìjà àkọ́kọ́. Gbogbo wọn gbà pé igi tó ti dàgbà nìkan ni kí wọ́n máa gé. Ta ni yóò wá sọ pé igi ti dàgbà? Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wá kí wọn ṣèlérí pé òun yóò mú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn igi wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí kẹ́yìn. Káfíńtà, tó jẹ́ igbákejì alága, ní kí wọ́n fi itan òun ṣe ìwọ̀n. Ẹnì kan tó ga ní kí wọ́n gbá igi mọ́ra, bí ọwọ́ kò bá ká a, ó ti dàgbà. Ẹnì kan tó kúrú bi í pé ọwọ́ ta ni. Bí oníkálukú ti ń mú ìwọ̀n tí yóò gbè é wá, Ìyá Téèpù dìde, ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó fi yí igi tó wà nítòsí ká. Ó ní igi tí téèpù bá ká tán, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì pàdé, ọmọdé ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èyí tí téèpù kò bá ká tán, àgbà ni, àgbà nìkan ni ayùn sì ní ẹ̀tọ́ láti bá sọ̀rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ìjà parí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé téèpù télọ̀ ń ṣe ojúsàájú, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí téèpù náà kò tíì sọ bó ti sanra tó fún rí.

Láti ọjọ́ náà ni téèpù yẹn ti di ti igbó. Ó ra òmíràn fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n pín igbó sí apá púpọ̀, apá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń ṣí lọ́dún. Alága yóò fi téèpù wọn igi, káfíńtà yóò fi ọ̀dà pupa sàmì sí èyí tó bá ti dàgbà: àmì kan níbi tó bá àyà dọ́gba, àmì kejì nísàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá gbòǹgbò, kí kùkùté lè máa jẹ́rìí lẹ́yìn tí igi bá ti lọ. Kùkùté tí kò bá ní ọ̀dà pupa lẹ́sẹ̀, olè ló gbé igi rẹ̀. Bí àsìkò gígé bá parí, Ìyá Téèpù yóò gbé téèpù igbó lọ sílé, yóò fọ oje kúrò lára rẹ̀, yóò sì tún etí rẹ̀ ṣe, nítorí téèpù aṣọ ni, èèpo igi sì máa ń tú u létí. Yóò gé fọ́nrán tó bá yọ, yóò ṣẹ́ etí náà po díẹ̀, yóò sì fi ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́ tipẹ́, kò sì sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ẹnu méjèèjì ni wọ́n ń wò. Ìtọ́jú yìí máa ń dùn mọ́ ọn. Ó ní ilé ni a ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, ẹni tó bá jẹ́ kí etí téèpù tú kò ní pẹ́ jẹ́ kí etí igbó tú.

Igi tí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìgbẹ̀bí tàbí afárá bá nílò ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ó máa ń kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Téèpù fi ara rẹ̀ sí ìparí pátápátá, ó ní ẹni tó di ilẹ̀kùn mú ló ń wọlé kẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, a máa fèsì pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó di ilẹ̀kùn mú náà ni òjò ń pa jù.

Òjò sì fẹ́ pa wọ́n lóòótọ́. Ìjì tó ṣí òrùlé yàrá wọn ní ìparí òjò èṣí kò mú páànù nìkan. Ó ṣẹ́ gbogbo igi tó gbé páànù dúró, torí ikán ti ń jẹ wọ́n lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Páànù ṣe é nà padà. Igi ni kò sí. Pákó ọjà kọjá agbára wọn, àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì tó wà lókèèrè sì ní ilé tiwọn láti gbé ró. Bí wọ́n ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì wọ yàrá ìránṣọ nìyẹn. Òjò tó rọ̀ ló mú ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ìgéṣọ ni awakọ̀ ń gbé orí sí. Ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àfi pé òun ń fi irùngbọ̀n gbá òwú ilẹ̀ lálaalẹ́, àwọn oníbàárà sì ti kọ́ láti máa wo àgbọ̀n òun kí wọ́n tó béèrè aṣọ ta ni ìyàwó òun ń rán lọ́wọ́. Ká sòótọ́, wọn kò jìyà níbẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ju ti ìgbà tí wọ́n ní yàrá méjì lọ. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn. Bí òjò bá dé, omi yóò gba yàrá aláìlórùlé náà wọ inú ilé, yóò rin ògiri tó pín yàrá méjèèjì níyà, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ oníaṣọ sínú ilé tí ògiri rẹ̀ ń lami.

Ọdún yìí ni ó wá kàn án. Igi eléèpo funfun kan ni ó wù ú, igi tó nà gbọnrangandan, tí kò yọ ẹ̀ka títí dé òkè. Òun nìkan tó ṣe gbogbo òrùlé yàrá náà. Nígbà tí alága fi téèpù yí i ká, ẹnu méjèèjì kò pàdé. Ìka méjì wọ àárín wọn. Káfíńtà fi ọ̀dà pupa sí i lókè àti nísàlẹ̀, ó sì fi èyí tó kù lára búrọ́ọ̀ṣì tọ́ imú alága, ó ní alága náà ti dàgbà tó ẹni tí ayùn lè bá sọ̀rọ̀. Alága lé e yí igi náà ká títí tó fi bẹ̀bẹ̀.

Ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ń rán aṣọ iṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ fà sí igi náà, bí ọkàn ọmọdé ṣe máa ń fà sí bàtà tuntun tí wọ́n gbé pamọ́. Ó dìde, ó gba ọ̀nà igbó. Téèpù igbó wà nílé nínú àpò ọ̀dà. Téèpù ìránṣọ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó dé ìdí igi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí tí yóò máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì bọ́ téèpù lọ́rùn fi yí igi náà ká. Kì í ṣe pé ó ń ṣiyèméjì. Ó kàn fẹ́ tún fojú rí àlàfo ìka méjì yẹn, nítorí inú àlàfo náà ni òrùlé ilé rẹ̀ wà.

Àlàfo kò sí. Ẹnu téèpù méjèèjì pàdé, wọ́n tún gun orí ara wọn.

Ó tú u, ó tún un yí. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó gbé e sísàlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Aláìsàn lè rù láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkọ ìyàwó tí ń ronú lè rù, ṣùgbọ́n igi kì í rù. Ó fi ọwọ́ lé èèpo funfun náà, nígbà tó sì yí padà sílé, kò sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò fà sẹ́yìn. Ó tẹ́ téèpù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì ìgéṣọ, ó fi áyọ́ọ̀nù tẹ orí wọn mọ́lẹ̀. Ti igbó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kúrú sí èkejì rẹ̀. Ó yí etí rẹ̀ wò: ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, ojú ìrán lórí ojú ìrán, gbogbo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ó ti ń gé díẹ̀, tó ń ṣẹ́ díẹ̀, ní ẹnu méjèèjì. Lọ́dọọdún ni téèpù ń kúrú, tí àwọn igi tí kò tíì balágà sì ń di àgbà. Onígẹdú kò rí igbó náà wọ̀. Abẹ́rẹ́ alága ti ń wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ibẹ̀ ni awakọ̀ bá a. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wo téèpù méjèèjì, ó wo ògiri tó kọjú sí yàrá aláìlórùlé.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?" ni ó béèrè.

"Èmi àti ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Èmi ò mọ̀ ọ́n o." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Bí mo bá ní kí o dákẹ́, ṣé wàá dákẹ́?"

"Rárá."

"Mo kàn ní kí eékún mi méjèèjì gbọ́ pé mo bá wọn bẹ̀bẹ̀ ni."

Ó ní ọ̀rinrin kì í bá eékún òun ṣeré, ìyàwó rẹ̀ náà sì mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún un pé òun ti ra tapólì ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, pé ẹ̀yìn ilé ni òun ká a sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sàmì sí igi. Ìyá Téèpù bi í pé kí ló fẹ́ fi tapólì ṣe lọ́jọ́ náà, nígbà tí igi ti wà nílẹ̀. Ó ní òun wakọ̀ pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tó bá ń bá obìnrin bíi tirẹ̀ rìn, táyà kejì ni kí ó máa gbé dání.

Lọ́jọ́ kejì ni ó pe káfíńtà àti agbẹ̀bí, ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi ń ṣe ọ́fíìsì ní ẹnu ọ̀nà igbó. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó tẹ́ téèpù méjèèjì, ó sọ ohun tó fà á, ó sì ní kí wọ́n wí tẹnu wọn. Àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde lẹ́nu káfíńtà tó fi di òpó àtíbàbà mú.

"Alága," ni ó wí nígbà tó rí èémí mí, "gbogbo ayùn tó wà ní abúlé yìí ò gé tó abẹ́rẹ́ yín."

Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ro òrùlé ilé ìgbẹ̀bí, èyí tí wọ́n fi igi ọdún tó kọjá kàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń sọ pé igi ọmọdé ló wà lórí mi níbi tí mo ti ń gbẹ̀bí?"

"Ó bá a mu," ni káfíńtà dáhùn. "Kí ni àgbàlagbà fẹ́ wá ṣe nílé ìgbẹ̀bí?"

Agbẹ̀bí náà wá rẹ́rìn-ín, alága rẹ́rìn-ín, ara sì tù wọ́n. Ohun tí wọ́n ti gé kò ṣe é lẹ̀ mọ́ ìdí mọ́. Wọ́n fẹnu kò pé fún gbogbo kùkùté ọmọdé tí wọ́n bá rí, ọ̀dọ́ igi méjì ni àwọn yóò gbìn dípò. Wọ́n ní téèpù tuntun, oníròbà tí kì í tú létí, ni kí wọ́n máa lò láti ìsinsìnyí, alága kò sì gbọdọ̀ gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Òfin ìkẹyìn yìí, káfíńtà ló dá a lábàá, alága fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ nawọ́ sí i.

Wọ́n wọ igbó lọ tún gbogbo igi tó ní àmì wọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn dúró gẹ́gẹ́ bí àgbà. Àwọn tó di ọmọdé padà, káfíńtà ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà pupa kúrò lára wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fá irun ọmọ tó ń sùn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi eléèpo funfun, alága fi téèpù tuntun yí i ká níṣojú wọn. Ẹnu méjèèjì pàdé. Ó ní kí káfíńtà ha á. Káfíńtà wo ọ̀bẹ rẹ̀, ó ní ó ti kú, ó di ìgbà tí òun bá pọ́n ọn. Agbẹ̀bí wo òkè. Ìyá Téèpù mọ̀ pé ọ̀bẹ náà mú dáadáa, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́, ejìká sì ń ro ó, ó fi wọ́n sílẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń rò.

Níbi ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ti rí ohun tí wọ́n ń rò. Ìdí igi yẹn gan-an ni wọ́n pe ìpàdé sí. Àwọn kan jókòó lórí kùkùté, àwọn kan lórí pákó, awakọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí eékún. Alága ròyìn ọ̀rọ̀ téèpù láìfi ohunkóhun pamọ́. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà bó ti yẹ, ẹnì kan ní òun ti ń ṣe kàyéfì tipẹ́ pé igi igbó àwọn tètè ń dàgbà ju ọmọ òun lọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìgbà náà ni káfíńtà dìde. Kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó rán wọn létí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn onígẹdú àti ẹni tó jókòó sí àárín ọ̀nà. Ó rán wọn létí iná àti eérú. Ó ní gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni igi ti kàn rí, àfi ẹnì kan.

"Ẹ wo àmì tó wà lára igi yìí," ni ó wí. "Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Òótọ́ ni pé téèpù ká a tán. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe, kò sì lè pa igbó run. A kò jalè, a kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo wa la jọ ń fún yín lójú ọ̀sán gangan. Ẹ jẹ́ ká gé e, kí n fi ọwọ́ ara mi kàn án kí òjò tó dé. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́."

Ọwọ́ lọ sókè bí ewé. Agbẹ̀bí nawọ́ méjèèjì. Ẹni tó ga nawọ́, ẹni kúkúrú gun orí kùkùté kí wọ́n lè rí tirẹ̀. Ìyá Téèpù wo wọ́n yíká, ojú rẹ̀ sì rọ̀ ju bí wọ́n ti rí i rí lọ, nítorí kò sí ẹni tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wọ̀ lára, pàápàá ẹni tí ejìká ń ro. Ó ro ògiri tó pín yàrá méjèèjì. Ó ro ìró òjò lórí tapólì. Ó wo ẹ̀yìn, ó sì rí i pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni kò lọ sókè: ọwọ́ awakọ̀, tó wà lórí fìlà, lórí eékún tó ń dùn ún. Ọkùnrin náà wò ó padà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti so okùn tapólì tán kí ó tó kúrò nílé. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí, nítorí okùn tapólì ti fi àpá pupa sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀; òwú àwọ̀ ewé, ti aṣọ iṣẹ́ agbẹ̀bí, sì ṣì wà nírùngbọ̀n rẹ̀.

Ìyá Téèpù na ọwọ́ sí káfíńtà, ó yọ ọ̀bẹ lápò rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tọ́ ojú ọ̀bẹ náà wò. Ó mú.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín," ni ó wí. "Mi ò gbà á."